Ọmọ Tí Mo Gbà Kúrò Lóko

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, nítorí ó ti pẹ́ nínú mi. Ara ti tù mí báyìí, mo tilẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí pé díẹ̀ ló kù kí n sọ ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ di odi, ojú a tún tì mí.

Tíṣà ni mí ní Ìrókò. Ọdún kejì tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mo rí i pé Àbẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ń bá ìyá rẹ̀ lọ sóko láràárọ̀. Mo ní ìwà ẹrú gbáà nìyí! Ṣé àwọn olówó Ìbàdàn ń kó ọmọ tiwọn lọ sóko ni? Mo bá ẹ̀gbọ́n mi jà títí ó fi yọ̀ǹda ọmọ fún mi. Ìyẹn kò tó mi. Mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, mo ní ìyá tó bá ń mú ọmọ kékeré lọ sóko, ọ̀tá ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ jókòó níbẹ̀, ó doríkodò.

Ẹ̀yìn kíláàsì mi ni mo ń mú ọmọ náà jókòó sí, pẹ̀lú síléètì. Mo ní kó ka ení dé ẹ̀wá. Kò kà á, mo gbá a lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀ mọ́, àní nílé pàápàá. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ bá mi: “Bọ̀dá Tíṣà, ẹ dákun, ẹ dá ẹnu ọmọ mi padà fún mi.” Mo ní ìyá náà kò mọ nǹkan kan ni. Èmi tí mo ń pariwo ẹ̀tọ́!

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a wà ní ìsinmi, ẹsẹ̀ sì ń dun ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo bá ìyàwó rẹ̀ lọ gbin àgbàdo. Kò sí ẹni tí a ó fi Àbẹ̀kẹ́ tì, ló bá tẹ̀lé wa. Ìyá rẹ̀ gbẹ́ ihò, ọmọ mú wóró àgbàdo mẹ́ta lọ́wọ́ tí yóò jù sínú rẹ̀.

“Ta ló ni èyí?” ni ìyá bi í.

Ó ju wóró kan sínú ihò. “Ọ̀kẹ́rẹ́.”

“Èyí ńkọ́?”

“Àparò.”

“Ẹ̀kẹta ńkọ́?”

“Tiwa ni!”

“Ihò méjì, wóró mélòó?”

Ó wo ìka rẹ̀. “Mẹ́fà.” Ló bá yíjú sí mi: “Háà, Bọ̀dá Tíṣà, ẹ ti ju mẹ́rin sínú ihò tiyín! Àlejò wo lẹ tún pè?”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi? Omi lé sí mi lójú. Ohun tí mo ń fi nínà kọ́ ọmọ, ìyá rẹ̀ ti ń fi ẹ̀rín kọ́ ọ kí n tó dé! Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ebè.

“Ẹ dìde jàre, ilẹ̀ tutù,” ló wí. “Ọmọ ti sọ̀rọ̀.”

Láti ọjọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́ kò jẹ́ ká gbádùn. Ìbéèrè rẹ̀ kò lópin. Mo ṣì lòdì sí ẹrù wúwo lórí ọmọdé, n kò sì ní yéé sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Mo ti dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, síbẹ̀ àwọn ìyá kan ṣì ń fi ọmọ sílé láìsí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé “Tíṣà ló wí bẹ́ẹ̀.” Kí ni kí n ṣe sí i? Bí ẹ bá mọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ bá mi sọ fún un pé kó mú ọmọ rẹ̀ dání, kó máa bi í léèrè, kó sì dúró gbọ́ èsì. Tíṣà náà ló tún wí bẹ́ẹ̀.