Ìtàn Bánjọ Tí Mo Pè Ní Tèmi

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín. Ẹrù kan ti wà lórí mi láti ọdún mẹ́fà, orí tó rù ú sì ti hu ewú tán. Ǹ bá gbé e wọ ibojì bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tí ọmọ kan wá kúnlẹ̀ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àgbà kì í yára sọ ohun tó ń tì í lójú.

Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Bánjọ ni ọ̀rẹ́ mi, ará Ayépé. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà ni wá, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà la jọ wọ̀. Akọ̀wé kóòtù ni, kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀ pé ìwé ìtàn lòun fẹ́ máa kọ. Gbogbo ohun tó fi ránṣẹ́ sí àwọn onítẹ̀wé ní Ìbàdàn ló ń padà wálé bí ẹyẹlé. Àkàrà tí ìyàwó rẹ̀ ń dín ni wọ́n ń jẹ.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó yìí ṣèèṣì fi odidi orí kan nínú ìtàn ọkọ rẹ̀ di àkàrà fún àwọn oníbàárà. Bánjọ ń sáré kiri àdúgbò, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n dá bébà òun padà. Ó bá bíríkìlà kan lórí búlọ́ọ̀kù, ó ti jẹ àkàrà tán, ó ń ka bébà olóròóró.

Bíríkìlà ní, "Ẹ ní sùúrù ná, ọ̀gá. Ṣé ọkùnrin inú ìtàn yìí délé? Ọ̀nà oko ni bébà tèmi parí sí."

Bánjọ jókòó tì í, ó sọ ìyókù fún un. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ tó bi òun ní ohun tó kàn nìyẹn.

Ó kọ èyí àti gbogbo ìyà rẹ̀ sínú ìwé méje, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń kọ iṣẹ́ sí. Tá a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á kà á fún mi ní pálọ̀ mi. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń nu ojú.

Ìgbà náà ni àwọn òṣèré alárìnkiri kan wá ya sinimá ní ọgbà iléèwé wa. Ọ̀gá wọn bi mí pé, "Tíṣà, ẹ ò ní ìtàn kan tó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín, kó tún mú un sunkún?"

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dárúkọ Bánjọ. Ohun tó jáde ni pé, "Mo ní ọ̀kan."

Àwọn wọ̀nyí kì í kọ eré sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, mo ń sọ ọ́, wọ́n ń pín in: ìwọ lo máa ṣe ìyàwó, ìwọ lo máa ṣe bíríkìlà. Kò sí bébà kankan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ì bá fi bèèrè pé ta ló kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé sinimá náà wá sí gbọ̀ngàn ìlú, Bánjọ jókòó tì mí. Orúkọ mi jáde gàdàgbà lára aṣọ funfun pé èmi ni mo ni ìtàn. Nígbà tí òṣèré tó ṣe òǹkọ̀wé ń lé bébà àkàrà kiri, ẹ̀rín sọ. Nígbà tó kú níparí, bí èmi ṣe parí rẹ̀ fún wọn, tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún un, ìyá kan níwájú wa bú sẹ́kún: "Ẹ bá mi wo ọmọ ọlọ́mọ!"

Nígbà tí à ń jáde, Bánjọ di apá mi mú. Ó ní, "Tíṣà, o pa mí o. Ṣùgbọ́n o pa mí dáadáa. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń gbọ́. O ṣé."

Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olè! Nígbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa fẹ́ bá mi yọ̀, òun ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́. Kò sọ fún ìyàwó, kò sọ fún ọmọ. Títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá, kò fi bú mi rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣadé ọmọ rẹ̀ gbé àpò gàrí kékeré kan wá bá mi. Ó ti kó ìwé méje bàbá rẹ̀ lọ bá onítẹ̀wé kan, pé bí bébà tiẹ̀ wọ́n láyé SAP tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí, òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Onítẹ̀wé ka ojú ewé díẹ̀, ó dá a padà: "Sinimá Tíṣà lèyí. Bàbá rẹ jí i kọ ni."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríji bàbá mi. Òótọ́ ni pé ìyà ilé wa ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí yín ló jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ bá mi kọ ọ́ síwèé pé ẹ gbà kí n tẹ̀ ẹ́."

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo ti foríjì í." Mo sì gba gàrí náà. Mi ò tíì lè fọwọ́ kàn án.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bánjọ tó fi aṣọ bò mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ rẹ̀ bá mi láyé. Lọ́jọ́ Ìsinmi ló ń bọ̀ wá gba ìwé ìyọ̀ǹda náà. Mo ti kọ ọ́: "Bánjọ ló ni ìtàn yìí. Èmi ni mo jí i." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Ṣadé nìkan ni kí n kà á fún ní pálọ̀, àbí kí n dìde kà á fún gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, níbi tí bàbá rẹ̀ ti pàtẹ́wọ́ fún mi?

Bíríkìlà ọjọ́sí bèèrè pé ṣé ọkùnrin náà délé. Bánjọ ti délé. Èmi ló kù lọ́nà.