Abẹ́rẹ́ Tí Kò Gbéra

Èmi Àdìgún, mẹkáníìkì àdúgbò Sibang, ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé tí Ràódàt ọmọ mi fi ń kàwé. Libreville níbí ni wọ́n bí i sí, Faransé ló mọ̀ ọ́n kà, kò lè ka Yorùbá, ìyẹn ni mo fi ń kọ ọ́ lójú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Dókítà ti sọ tirẹ̀ fún mi: ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́fà. N kò fẹ́ gbé e wọ sàréè, nítorí ilẹ̀ tí yóò bo èmi kò lè bo òun. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni Jíbọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní èbúté Owendo. Òun náà ló wà ní ilé ìdáná mi báyìí, tó ń po ògì fún mi. Ẹ ò rí ayé mi?

Àdúgbò Avéa ni Jíbọ́lá àti Susannah ìyàwó rẹ̀ ń gbé nígbà náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá ọmọ kí Susannah tó lóyún. Toyota Carina àtijọ́ kan ni wọ́n ní, ọkọ̀ náà ju ìgbéyàwó wọn lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí oyún pé oṣù méje, ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Tí wọ́n bá bu omi kún rédíétọ̀ láàárọ̀, yóò ti dín tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbóná, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ táútáú. Jíbọ́lá gbé e wá bá mi. Ó ní, “Bàbá, ọkọ̀ yìí la fẹ́ fi gbé Susannah lọ bímọ o. Ẹ bá mi ṣe é kó dá mi lójú.” Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Ohun tí àwa tí a kọ́ṣẹ́ ní Mushin máa ń kọ́kọ́ ṣe ni mo ṣe. Mo yọ tẹmósítáàtì, ìdérí kékeré tó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, mo sọ ọ́ nù, torí ọ̀gá mi máa ń sọ pé ilẹ̀ òtútù làwọn òyìnbó ṣe é fún. Mo pààrọ̀ rédíétọ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ ò yéé mu omi. Sheriffdeen, mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ọmọ Kétu ní Benin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi, sọdá wá lọ́jọ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn èéfín funfun tó ń jáde nídìí sàlẹ́ńsà, ó sì fi pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, “Bàbá, inú ẹ́ńjìnnì lomi yìí ń wọ̀ tó ń jóná. C’est le joint de culasse.” Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń wí, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi wọnú rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí mo lè bí lọ́mọ ni Sheriffdeen, ojú sì tì mí. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́ pé tó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ló lọ, kí n kó gbogbo irinṣẹ́ mi dà sókun ní Owendo. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sheriffdeen tẹrí ba, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lójú tèmi, àgbà nìkan ló gbọ́n ní Sibang.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, mo sì ṣíná ọkọ̀. Omi náà ń yọ fùkẹ̀fùkẹ̀ bí ìkòkò ẹ̀wà. Mo fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Òótọ́ ni Sheriffdeen sọ. Gbogbo ohun tó kù kò ju kí n sọdá títì lọ sọ fún un pé òun ló jàre. N kò lè sọdá. Mo tú rédíò tó bàjẹ́ kan, mo yọ ohun kékeré kan níbẹ̀, mo so ó mọ́ waya tó ń sọ ìgbóná ẹ́ńjìnnì fún gééjì iwájú awakọ̀, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè máa dúró sí àárín, bí ẹ́ńjìnnì gbóná, bí kò gbóná. Mo ń tan ara mi pé tí Susannah bá ti bímọ, màá gba ọkọ̀ náà padà, màá sì pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Mo sọ fún Jíbọ́lá pé rédíétọ̀ tuntun máa ń mu omi díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kó máa bu omi sí i láràárọ̀. Ọjọ́ kẹta, ó yà wá dúpẹ́. Ó ní abẹ́rẹ́ náà dúró ṣinṣin bí alàgbà ìjọ, òun kì í gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Irú èèyàn wo ni mí?

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ọmọ mú Susannah. Jíbọ́lá gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó wakọ̀ fúnra rẹ̀. Gosiló wà lójú ọ̀nà, oòrùn sì mú. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì há, ó kú, èéfín bo ojú ọkọ̀. Kí wọ́n tó rí takisí tó lè yà kúrò nínú gosiló yẹn, ó ti pẹ́ jù. Ọkùnrin ni ọmọ náà. Agbẹ̀bí sọ fún wọn pé ká ní wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tètè dé ni, ọmọ ì bá yè. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí wọ́n tó sin ọmọ. Mo yọ ohun tí mo so mọ́ waya, mo dá waya padà sáyè rẹ̀. Mo ṣe é bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pe àwa àgbà sí pálọ̀ wọn ní Avéa pé ká wá bá tọkọtaya náà sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n fún ní àga tó dára jù. Susannah kò sunkún. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, “Abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ni mo ní kẹ́ ẹ máa bá mi wò.” Jíbọ́lá gbójú kúrò lára rẹ̀. Èmi ló kọjú sí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀. Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn gbéra? Mo rò pé mo wò ó. Mo rò pé àárín ló wà.”

Ìdáhùn tòótọ́ wà lẹ́nu mi. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo gbé e mì, mo sì dáhùn pé, “Ó gbéra, ọmọ mi. Ojú rẹ ni kò sí níbẹ̀. Ìrora aya ẹni kì í jẹ́ kéèyàn rí gééjì.”

Mo tún bẹ Susannah pé kó dárí jì í.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí Susannah fi kó lọ sí Port-Gentil, kò sì padà mọ́. Láti ìgbà náà, Jíbọ́lá kò tún wa ọkọ̀ mọ́. Tó bá fi takisí gbé mi lọ sí ọsibítù, iwájú ló máa ń jókòó sí, yóò na ọrùn wo gééjì onítakisí títí a ó fi dé. Onítakisí kan tiẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń wá, ó ní, “Monsieur, vous cherchez quoi?” Jíbọ́lá ní òun ò wá nǹkan kan. Ẹ̀yìn ni mo wà, mo sì gbọ́. Èmi náà, omi kì í jẹ́ kí n sinmi. Tí wọ́n bá gbé kẹ́túùlù kaná, màá jáde síta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n fa omi sí mi lára, mo rí i tó ń yọ fùkẹ̀fùkẹ̀ nínú ìgò, ni mo bá ní kí nọ́ọ̀sì yọ ọ́ kúrò lójú mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, àṣìṣe kì í pa ẹni tó ṣe é. Ẹ sọdá títì. Ẹ lọ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo sá fún, ẹ wo ibi tó bá mi dé.

Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Jíbọ́lá, ó ti ń gbé ògì bọ̀. N kò ní mu ún kó tó ka èyí. Jíbọ́lá, ọmọ mi, fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí Susannah ní Port-Gentil. Tí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Tí o ò bá lè ṣe é, gbé ògì rẹ padà, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n má ṣe na ọrùn wo gééjì ẹnikẹ́ni mọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn kò gbéra. O wò ó dáadáa. Àárín ló wà.