Ẹni Tó Lè Fi Oríkì Pè Mí

Etí omi Ìjẹ̀dé la ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá méjì tí wọn ò mọra rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi oríkì pè mí lórí fóònù láràárọ̀ ti kú ní Ẹ̀pẹ́. Ó wá ku àwọn tó ń pè mí ní Màmá, Àlàájà, Ìyá Àgbà."

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"Ṣé ọmọ ló máa fi oríkì pe ìyá ẹ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, nígbà òmìnira, ṣé ẹ ti lọ́kọ?"

"Rárá o, mo ṣì wà níléèwé."

"Èmi ti bímọ méjì nígbà yẹn. Mo jù ẹ́ lọ! Kí ni oríkì ẹ?"

Ó sọ ọ́ sí i létí. Èkejì rọra pè é. Mi ò gbọ́ orúkọ náà. Mo kàn rí ẹni tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kú tó kúnlẹ̀ sórí pákó èbúté, tó dáhùn bí ọmọdé: "Mà!"