Ẹ Má Fọ́ Bàbá Háńgà

Alága wa, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ yìí, Alhaja Jameelah Ọláolú, ẹ̀yin àgbà nínú ẹgbẹ́ òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ò gbójú kúrò lára kúlà ìrẹsì, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Rótìmí Àkàngbé ń fẹ̀yìn tì relé lónìí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣé tí ẹ fara da ẹnu mi tó mú bí abẹ.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láàbù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kí n lè lọ. Diplocaulus ni ìwé pè é, Bàbá Háńgà làwọn ọmọ ń pè é, torí orí rẹ̀ ya sọ́tùn-ún ya sósì bíi háńgà aṣọ. Ẹranko inú omi ni, ìran rẹ̀ sì ti run kí dáínósọ̀ tó dáyé. Eegun rẹ̀ tó di òkúta làwọn onímọ̀ hú jáde nílẹ̀. Tìrìmísíyù tó ń fi POP ṣe àjà ilé ní Mushin ló mọ àwòrán ara rẹ̀ tó jẹ́ tiwa. Mo fún un ní àwòrán, ọ̀gbẹ́ni bá fi òdòdó yí i létí bíi àjà pálọ̀! Mo ní, "Ẹranko ni o!" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kó ṣáà rẹwà díẹ̀ ni."

Àfi bí àwọn òbí kan ṣe yọjú sí láàbù, wọ́n ní òrìṣà la gbé pamọ́. Pásítọ̀ da òróró sí i, ààfáà tutọ́ àdúà sí i, Bàbá Háńgà ò mira. Ni Alhaja bá pàṣẹ pé kí wọ́n fọ́ ọ dànù ní Mọ́ńdè. Háà! Ohun tó ti kú látayébáyé, ṣé a tún fẹ́ pa á ni? Ó dùn mí wọra. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́; ti ọmọ tèmi ti wọ́ látilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fọ́.

Alhaja, èmi ni mo kọ́ yín ní bàọ́lọ́jì. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fọ́mọ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó dáa, mo ti ṣí fìlà. Mo ti nà gbalaja. Àǹtí Sìdíkàt, ẹ má fà mí lápá! Ẹ gbé máìkì sún mọ́ mi. Mi ò ní dìde àfi tí Alhaja bá sọ̀rọ̀.

Kí lẹ wí? Ẹ pariwo ẹ̀, káwọn òbí gbọ́. Alhaja ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, a ò ní fọ́ ọ mọ́!" Ẹ gbọ́ o! Áà, Alhaja náà ti kúnlẹ̀! Inú mi dùn dé gongo.

Ẹ ò ní kábàámọ̀ láé. Àwọn ọmọ wa á yege, ẹ̀yin olùkọ́ á sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú àlàáfíà ara. Mo dúpẹ́, ẹ ṣé o. Ó yá, kẹ́nìkan wá gbé mi dìde, ẹ̀yìn mi ti gan.