Abẹ̀bẹ̀ Tí Ọkọ Mi Lọ Gbà Ní Jíbówú

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò mọ ohun tí màá máa pe ara mi báyìí. Mi ò lè sọ pé opó ni mí, mi ò sì lè sọ pé mo lọ́kọ nílé. Títí dòní, bí kẹ̀kẹ́ bá dúró níwájú ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, màá sáré yọjú lójú fèrèsé.

Ṣẹ́gun lorúkọ ọkọ mi. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe ní Muṣin, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ràn jù ni hẹlikọ́pítà kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣeré, tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, èmi, òun àti ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa la jọ máa ń gbé e lọ sí pápá iléèwé kan ní Sùúrùlérè. Tó bá ti gbéra tán, Ṣẹ́gun á darí rẹ̀ wá síwájú Màámi, á wá tẹ orí rẹ̀ ba díẹ̀, bí ẹni pé ó ń kí wọn. Ẹ wo ẹ̀rín lẹ́nu ìyá àgbà! Wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."

Abẹ̀bẹ̀ gígùn méjì tó ń yí lórí rẹ̀ ló máa ń yọ wá lẹ́nu. Bó bá já lulẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti kán. Onígi ò wọ́n, àmọ́ kì í pẹ́ fọ́. Oníke máa ń tẹ̀ bí oòrùn bá mú. Oníkábọ̀n, tó fúyẹ́ tó sì le bí irin, ló dáa jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára wa. Nígbà tí àwọn tó gbẹ̀yìn kán, a jókòó ti fóònù, à ń wo oríṣiríṣi. Mo tọ́ka sí èyí tó pupa fòò. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín.

"Àwọ̀ kọ́ là ń rà o, ìyàwó mi. Bó bá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á gé ìrù ara rẹ̀. Bí ọ̀kan bá sì wúwo ju èkejì, á kàn máa gbọ̀n ni títí á fi tú."

Níkẹyìn, a rí oníkábọ̀n tí ẹnì kan ti lò díẹ̀ n'Ìbàdàn, kò wọ́n rárá. Ọkùnrin náà ní òun á fi í ránṣẹ́ sí páàkì kan ní Jíbówú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣẹ́gun wọ bàtà. "Mò ń lọ gba ẹrù yẹn. Ẹ má tíì jẹun, mò ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ tó bá wa sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́, mo gba páàkì lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ gbé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún mi. "Ẹrù yín rèé, àǹtí. Ẹnikẹ́ni ò wá gbà á." Háà! A dé àgọ́ ọlọ́pàá, a dé ọsibítù, a dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Kò sí níbẹ̀. Báwo ni odindi ọkùnrin ṣe ń pòórá lójú ọ̀nà Jíbówú, ní ojúmọmọ?

Mi ò tú páálí náà. Ó ń ṣe mí bíi pé, bí ẹlòmíràn bá so abẹ̀bẹ̀ yẹn, ọkọ mi ò ní nǹkan tó ń bọ̀ wá ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n bí hẹlikọ́pítà gidi bá ti ń kọjá lójú ọ̀run, Màámi á sáré jáde láìwọ bàtà: "Ṣẹ́gun ti dé!" Èjìká wọn ni màá dì mú wọlé. Lọ́jọ́ kan wọ́n bẹ̀ mí, "Ìyàwó mi, jẹ́ kí Wálé so ó. Mo fẹ́ rí i kó fò." Wálé ni ọ̀rẹ́ tí ọkọ mi kọ́ ní eré náà.

A padà sí pápá yẹn. Wálé wọn abẹ̀bẹ̀ méjèèjì, wọ́n dọ́gba, gígùn wọn sì pé. Hẹlikọ́pítà náà gbéra láìgbọ̀n rárá. Ọkọ mi mọ nǹkan rà! Mo bú sẹ́kún. Ó wá síwájú Màámi. Wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ń retí. Wálé ò mọ nǹkan kan nípa kíkí yẹn, ó kàn gbé e kọjá lọ ni. Màámi rọra sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀.

"Òun kọ́ nìyẹn," wọ́n ní. "Ọmọ mi ti kú."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò sáré jáde mọ́. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn. Wọ́n ti ṣètò pé ká sin aṣọ rẹ̀ dípò òkú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ìlú wọn, wọ́n sì ti rán aṣọ dúdú opó fún mi. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi báyìí. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n wọ̀ ọ́ kí ọkàn ìyá lè balẹ̀, àbí kí n kọ̀ ọ́, kí ẹnì kan ṣoṣo ṣì wà láyé tó ń retí ọkọ mi?