Ojú-ìwé Ìkẹyìn Tí Mo Yí Padà

Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, kí n tó tún rí àwáwí. Èmi ni mo ba Ọ̀gá Òǹkọ̀wé jẹ́, kì í ṣe àìsàn kankan. Ọdún mọ́kànlélógún ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. N kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, ẹ má retí i.

Èmi ni mo ń tẹ eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń kọ fún ilé iṣẹ́ rédíò. N kò kọjá ìwé kẹta ní ilé ẹ̀kọ́. Inú àwọn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí èèpo wọn ti ya ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dé sinimá, mo máa ń dárúkọ apànìyàn kí eré tó dé ìdajì, títí àwọn èèyàn á fi ní kí n panu mọ́. Nígbà tó kan rédíò, mo rí iṣẹ́. Ọwọ́-Òjò ni ọ̀gá ń pè mí, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ń dún bí òjò lórí páànù.

Ó ń kọ ìtàn onílé kan tí wọ́n fi okùn fún lọ́rùn pa, ìtàn náà sì há mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí dókítà inú eré yìí jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, kí ìso okùn náà tú àṣírí rẹ̀." Ó fò sókè tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bi í lórí rédíò ibi tó ti rí ọgbọ́n ìso okùn náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ẹni tó so ó. Ó ní inú balùwẹ̀ ni. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ọwọ́-Òjò, ṣé òjò náà fẹ́ sọ pé òun ló ni oko ni?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ bíi tèmi!

Níbi iṣẹ́ wa, àwọn òṣèré kì í rí ojú-ìwé ìkẹyìn títí wọ́n á fi dúró níwájú makirofóònù, kí ẹnu lè yà wọ́n ní tòótọ́. Èmi àti ọ̀gá nìkan la máa ń mọ apànìyàn, èmi nìkan ló sì lè ka ìwé ọwọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí eré máa parí, ó wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ lójú rẹ̀. Mo yọ dókítà kúrò, mo tẹ agbẹjọ́rò inú eré náà sí i. Agbẹjọ́rò tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà nínú báńdéèjì láti ọ̀sẹ̀ kejì! Mo sì dáná sun ìwé ọwọ́ ọ̀gá.

Lẹ́tà ya dé bí eéṣú. "Ẹni tí kò lè di ṣíbí mú, báwo ló ṣe fún èèyàn lọ́rùn?" Olùdarí eré ní, "Orí bàbá yìí ti ń yẹ̀."

Ọ̀gá dé tòun ti báńdéèjì lójú. "Ọwọ́-Òjò, ka ojú-ìwé yẹn fún mi." Mo kà á. Ó ní, "Dókítà ni mo kọ, àbí?"

Mo lè sọ òótọ́ nígbà yẹn. Mo ní, "Agbẹjọ́rò lẹ kọ, ọ̀gá. Ẹ ti gbàgbé ni."

Ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá fìlà. "Ó ti ń lọ nìyẹn," ló wí. Kò kọ ìlà kan mọ́ títí ó fi kú.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó fi ogún ọdún kọ́ gbogbo èèyàn bí a ṣe ń mú ọ̀daràn, kò sì fura sí ẹni tó jókòó tì í. Mo fẹ́ kó fura! Kódà fún ìwà ibi, kò kà mí sí.

Ǹ bá gbé àṣírí yìí wọ sàréè. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, kò rí i, ló bá bú sẹ́kún. "Màmá, àìsàn ìgbàgbé bàbá mi ti dé sára mi. Mo ti pa ìwé tí mò ń kọ tì, kí n má baà dójú ti ara mi."

Ọmọ mi, orí bàbá rẹ pé títí ó fi kú. Dókítà ló kọ. Bí o kò bá lè dárí jì mí, mo gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá gba ọgbọ́n yín, ẹ pariwo lójú wọn. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ìwọ ní tìẹ, padà sídìí ìwé rẹ. Ara ilẹ̀kùn ni mo ti rí kọ́kọ́rọ́ yẹn nígbà tí mò ń lọ, níbi tí gbogbo èèyàn ń gbàgbé rẹ̀ sí.