Màlúù Ìkórè Tó Ń Gbọ̀n

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má tíì bu oúnjẹ ìkórè. Ẹ wò mí, n kò wé gèlè, n kò wọ bàtà, mo sáré wá ni. Bí ẹ bá ní aláriwo ni mí, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ mọ oko màlúù wa, níbi tí a ti ń fún wàrà tí ẹ ń rà. Bàbá ọkọ mi ló dá a sílẹ̀ kí ó tó kú. Ọ̀kan nínú àwọn màlúù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń forí gbá ògiri, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e mọ́, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ó fẹ́ ta á nípàá pa. Ọkọ mi, Bàbá Tinúkẹ́ tó jókòó lọ́hùn-ún yẹn, ní, "Kí ó tó kú mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká dú u fún ìkórè." Láàárọ̀ yìí ni wọ́n dú u. Inú bí mi, mo kọ̀, n kò bá wọn wá sè é. Mo kúnlẹ̀ nílé, mo gbàdúrà títí ó fi rẹ̀ mí, oorun bá gbé mi lọ.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó kọ́kọ́ mú mi gba ibi ìsinmi. Mo rí ìyá mi tó ti kú, ara rẹ̀ ń dán, ó jókòó sórí koríko tútù láàárín àwọn olóòótọ́. Mo fẹ́ sáré bá a, ọkùnrin náà fà mí padà. Ó ní, "Kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ mú ọ wá."

Ilẹ̀kùn irin ṣí. Yéè! Mo rí àwọn òpùrọ́ tí wọ́n fi ìwọ̀ kọ́ ahọ́n wọn rọ̀, mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n so pọ̀ nínú iná, tí wọ́n ń bu ara wọn jẹ, mo rí àwọn aninilára lábẹ́ pátákò màlúù, màlúù ń tẹ̀ wọ́n, ó ń kàn wọ́n, ìfun wọn ń tú síta, wọ́n ń dìde, ó tún ń tẹ̀ wọ́n. Mo kígbe, mo ní, "Mo gbé o!"

Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń lọ eegun, irú èyí tó wà lóko wa gẹ́lẹ́. Wọ́n ti apá ọkùnrin kan bọ̀ ọ́, ó gé e, ó lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n bu ìyẹ̀fun apá rẹ̀, wọ́n rọ ọ́ sí i lọ́fun, apá náà tún hù, wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́. Nígbà tó yíjú, bàbá ọkọ mi ni.

Ọkùnrin aláṣọ funfun ní, "Koríko ni Ọlọ́run fún màlúù jẹ. Eléyìí fẹ́ kí wàrà pọ̀ sí i, ó ń lọ eegun àti ọpọlọ màlúù tó kú fún àwọn tó kù jẹ. Ibẹ̀ ni wèrè ti wọ̀ wọ́n lára. Wèrè yẹn kì í jóná nínú ìkòkò, ó ń wọ ẹni tó bá jẹ ẹran náà lára."

Bàbá ọkọ mi ń sunkún. Ó ní, "Ìyàwó mi, sọ fún ọmọ mi kí ó pa ẹ̀rọ yẹn tì. Ó ti ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àpótí kan ṣófo níbẹ̀, fìlà ọkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Bí mo ṣe jí nìyẹn, tí mo ń sáré bọ̀.

Bàbá Tinúkẹ́, ẹ má wolẹ̀. Ẹ ní kí n jókòó, kí n má dójú tì yín? N kò ní jókòó! Ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, n kò fẹ́ kí ẹ jókòó sórí àpótí yẹn. Ẹ lọ fọ́ ẹ̀rọ náà lónìí.

Ẹ̀yin ìyá alásè, ẹ wa kòtò jíjìn, kí ẹ da ọbẹ̀ yẹn sí i, kí ajá pàápàá má tọ́ ọ wò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í kan ẹnu.

Tinúkẹ́, ọmọ mi, wá níbí. Kí ló wà lẹ́nu rẹ?